Bí Mo Ṣe Tẹ̀lé Ìwé Làmídì Dé Erékùṣù Àwọn Gíríìkì

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àti ẹ̀yin obìnrin àsàlátù wa níbí ní Plumstead, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè mí níkọ̀ọ̀kan. Ó ti rẹ̀ mí. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún ẹnì kan lónìí, tí mo tún ń sọ ọ́ fún òmíràn lọ́la, kó tó kárí gbogbo yín, ohùn mi á ti tán. Mo wá pe Rúkà, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, mo ní kó jókòó kó máa bá mi kọ ọ́. Èmi ò mọ̀wé, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi gírámà kankan bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Làmídì. Òun ló tẹ̀lé mi nínú ọmọ Ìyá wa. Ó bá ọkọ̀ àwọn Gíríìkì lọ láti etí omi Àpápá, ó ń bá wọn fọ ọkọ̀, ó ń bá wọn kùn ún lọ́dà. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí ìwé kan dé sílé wa. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Làmídì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó onírùnmú kan níwájú ilẹ̀kùn tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, ó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ ń hàn. Ìwé náà ni ẹnikẹ́ni ò lè kà. Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì. Alfa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe lárúbáwá. Ìyá wa gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ó ní, “Kí lẹ tún fẹ́ kà? Ọmọ mi kọ̀wé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tán.” Ó dì í sínú aṣọ, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìwé mìíràn ò dé mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn àgbà ẹbí ní ká ṣe fídáù fún un, ká tọrọ àforíjìn fún un bí a ti ń ṣe fún òkú. Ìyá wa fárígá. “Òkú ta ni? Ṣé òkú máa ń kọ̀wé ni? Ẹni tó bá ṣe fídáù fún ọmọ mi, èmi àti ẹ̀ la jọ máa rìnrìn àjò ọ̀run.” Ta ló fẹ́ bá Ìyá wa jà? A fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó ń kú lọ, ó fa ìwé náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n wá ọmọ òun lọ. Mo gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá mi gbé Connaught Estate ní Woolwich, ó bá mi kó dé Thamesmead, inú àpò tí mo ń kó tẹ̀sùbáà mi sí ló wà.

Ọdún tó kọjá ni Rúkà gbé fóònù rẹ̀ sórí ìwé náà. Fóònù bá kà á.

“Gránmà, jókòó.”

“Mo ti jókòó látàárọ̀.”

“Kì í ṣe Uncle Làmídì ló kọ ọ́.”

Ọkùnrin onírùnmú yẹn ló kọ ọ́. Yáni lorúkọ rẹ̀, òun ló ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ wọn. Ó ní àyà ló dun Làmídì lójú omi, pé kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó kú. Ó ní òun gbé e lọ sí erékùṣù tí wọ́n ti bí òun, pé nínú sàréè ìdílé òun ni wọ́n sin ín sí. Fọ́tò náà, ọdún tó ṣáájú ni wọ́n yà á, nígbà tí Làmídì bá òun lọ sílé. Ó ní bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ wá, ilé òun ni kó wá.

Ẹ gbọ́ mi o. Ìwé ikú ni Ìyá wa fi ń rọrí ní gbogbo ọdún yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi lọ, kì í ṣe fún fàájì. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí àbúrò mi sùn sí, kí n lè sọ fún yín pé ẹ ṣe fídáù. Orúnkún mi ní kí n má lọ. Rúkà ní òun á tì mí.

Erékùṣù tí afẹ́fẹ́ há wa mọ́

Ìsinmi tí ibi iṣẹ́ fún Rúkà, ìgbà òtútù ló bọ́ sí. Básì gbé wa kọjá iwájú bárékè àwọn ológun ní Woolwich, ilé gígùn tí kì í tán yẹn, mo sọ lọ́kàn mi pé bí ìrìn yìí ṣe máa rí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Erékùṣù Gíríìsì tí ẹ ń rí lára kàlẹ́ńdà, tí oòrùn ń ràn, tí àwọn ọmọge wọ aṣọ péńpé, ó wà lóòótọ́. Ìgbà tí àwa lọ kọ́ ni. Nígbà tí àwa dé erékùṣù àkọ́kọ́, níbi tí a ti máa wọkọ̀ lọ sí ti Yáni, ńṣe ni wọ́n dojú àga délẹ̀ níwájú gbogbo ilé oúnjẹ. Wọ́n ti ilé ìtura pa. Ológbò ló pọ̀ ju ènìyàn lọ. Afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn, òkun ń hó bí omi ẹ̀kọ, òtútù ibẹ̀ sì mọ ibi tí orúnkún ènìyàn wà. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró sì kún ìlú. Ilé mẹ́ta, ilẹ̀kùn aró. Ilé mẹ́wàá, ilẹ̀kùn aró. Mo ń dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń yọ fọ́tò Làmídì síta.

“Gránmà, a ò tíì dé erékùṣù yẹn. Èyí kọ́.”

“Kí ló dé tí ilẹ̀kùn wọn wá jọra?”

“Èmi kọ́ ni mo kùn ún.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a lọ bá ọmọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi. Mo ní kí Rúkà bi í bóyá ọkọ̀ máa lọ sí erékùṣù kékeré. Ọmọ náà ò lanu. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wo òrùlé, ó pòṣé. Èmi! Ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀!

“Ta lo pòṣé sí?” Yorùbá ni mo fi bá a wí. “Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? Ìyá ẹ dà? Lọ pè é wá!”

“Gránmà, jọ̀ọ́, o ń dójú tì mí.”

“Òun ni kí ojú tì!”

Ọmọ náà ò gbọ́ kankan nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ó sáré gbé àga wá, ó gbé kọfí dúdú bí ọṣẹ ilé wa wá, ó fi bisikíìtì lé e. Mo mu ún, inú mi ò dùn. Ọjọ́ kẹta a tún lọ, ó tún pòṣé. Ọjọ́ kẹrin bẹ́ẹ̀. Mo ti ní kò sí ìlú tí wọ́n ti ń wọ́ àgbà nílẹ̀ tó ibẹ̀, àfi ìgbà tí ìyá tó ni ilé tí a wọ̀ náà pòṣé sí mi. Mo bi í bóyá búrẹ́dì kù. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó pòṣé, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì lọ gbé ti ara rẹ̀ wá fún mi láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni Rúkà wá bèèrè. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń sọ pé “rárá” nìyẹn. Kò sí ìwọ̀sí nínú ẹ̀ rárá. Gbogbo ohun tí ọmọ náà ń sọ ni pé ọkọ̀ ò lọ, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan ṣí nínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo padà lọ bẹ ọmọ náà. Mo kó bisikíìtì dání. Ó gbà á, ó fi ọwọ́ lé àyà.

Wọ́n ń wò mí níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọmọdé á dúró, á lanu sílẹ̀. Àgbà á bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á ní, “Rárá, níbo gan-an?” Kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Woolwich tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí ìyá Rúkà ti wà ní ọmọ ilé ìwé, wọ́n ṣì ń bi mí.

Ìyá Marína

Ní ọjọ́ karùn-ún ni òkun rọlẹ̀. Ohun tí ojú mi rí nínú ọkọ̀ náà, Rúkà ní kí n má jẹ́ kí òun kọ ọ́. Mo bì títí mi ò ní nǹkan kan nínú mọ́.

A sọ̀ kalẹ̀ ní erékùṣù Yáni ní ọ̀sán. Kò sí ẹlòmíràn tó bá wa sọ̀. Erékùṣù náà kéré, òkè olókùúta lásán, àwọn ilé funfun lórí ẹ̀ bí ẹyin. Ilé kọfí kan ṣoṣo ló ṣí, ọkùnrin tó ń jẹ́ Táki ló ni ín, onítọ̀hún sanra, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé fọ́tò sí iwájú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo fọ́tò, ó wò mí.

“Lámi,” ó ní. “Lámi ti Yáni.”

Láti ìgbà tí Ìyá wa ti kú, mi ò tíì gbọ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ pe orúkọ àbúrò mi kí n tó pè é. Ọmọdé ni Táki nígbà tí Làmídì wá, ó ní Làmídì gbé òun sí èjìká lọ wo òkun.

Ilé náà wà lókè pátápátá, àtẹ̀gùn ni títí. Wọ́n mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gùn ún.

Yáni ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ló kù, Marína lorúkọ rẹ̀, bíi Marína ti Èkó; ìyá Marína ni mo ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ó wé ìborí bí ti wa. Ó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró, ilẹ̀kùn tó wà nínú fọ́tò gan-an. Ẹni tó jù mí lọ ni, òun ló sì gbé àbúrò mi wọlé. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀.

Obìnrin náà figbe ta! Ó rò pé mo ṣubú ni. Kí n tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, Táki ti gbá mi mú lábíyá, aládùúgbò kan ń da omi sí mi lórí, òmíràn ń fi àpò fẹ́ mi lójú, wọ́n ń pe dókítà tí kò sí níbẹ̀ ní ìgbà òtútù.

“Kò ṣubú! Kò ṣubú!” Rúkà ń pariwo. “Ó ń kí yín ni!”

“Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi mí sílẹ̀, mi ò tíì kí i tán!”

Nígbà tí fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ìyá Marína ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Ó wọlé lọ, ó sì gbé férémù kan jáde. Fọ́tò kan náà ni. Ara ògiri rẹ̀ ló ti wà ní gbogbo ìgbà tí tiwa fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Oúnjẹ tó fún wa ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀fọ́ inú igbó tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n da òróró ólífì sí, àti ẹ̀wà olójú dúdú, ẹ̀wà wa gẹ́lẹ́! Ààwẹ̀ wọn ni wọ́n ń gbà, wọn ò jẹ ẹran. Mo dúpẹ́, mi ò ní láti máa bèèrè ẹran wo nìyí.

Ilé àpótí

Ní ọjọ́ kejì ìyá Marína mú wa lọ sí itẹ́ òkú. Mo ti ṣe àlùwàlá láti ilé. Ó kọjá sàréè, ó kọjá òmíràn, kò dúró. Ó mú wa dé ilé kékeré kan lẹ́bàá ògiri, ó ṣí i. Pákó ni wọ́n tò síbẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀bù, àpótí páànù ló kún orí ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, fìtílà kékeré kan ń jó níwájú wọn. Yáni. Lámi.

“Rúkà, kí ni mò ń wò yìí?”

Rúkà gbé fóònù sí ìyá Marína lẹ́nu, ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ilẹ̀ ò pọ̀ níbẹ̀, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti lo ọdún díẹ̀ nínú sàréè, àwọn ènìyàn rẹ̀ á wú egungun rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kó o sínú àpótí, kí ẹlòmíràn lè rí ibi sùn. Ẹni tí kò bá ní ènìyàn, kòtò kan ni wọ́n ń da tirẹ̀ sí pẹ̀lú ti àwọn tó kù. Yáni ò gbà kí wọ́n da Làmídì síbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fọ̀ ọ́.

“Kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́?”

Rúkà ò fẹ́ sọ.

“Mo ní kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́?”

“Wáìnì, Gránmà.”

Mo jókòó sórí òkúta. Mi ò lè bínú sí obìnrin náà, mi ò sì lè wò ó lójú. Ọmọ Ìyá wa, ọmọ tó kírun láti kékeré, ọtí ni wọ́n fi wẹ egungun rẹ̀, orí pákó ni wọ́n gbé e sí bíi agolo mílíìkì. Oúnjẹ ọ̀sán, mi ò jẹ ẹ́. Rúkà pe Alfa wa ní Plumstead. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Màmá,” ó ní, “kì í ṣe òun ló mu ún. Àlejò ni, ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ló yẹ kó wà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó padà sínú ilẹ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá Marína gbọ́ ọ tán láti inú fóònù Rúkà. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wo òrùlé, ó pòṣé. Mi ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún mi mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí Yáni ti kú, òun ń tan fìtílà fún àwọn méjèèjì, pé ohun tí Yáni bẹ òun kẹ́yìn ni kí òun má fi Lámi sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó ní ogójì ọdún ni wọ́n fi retí ìyá rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá. Mo fẹ́ sọ pé a ò rí ìwé náà kà. Mo dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ẹ̀wà rírẹ

Mo rò ó pé bí mi ò bá tilẹ̀ rí i gbé sínú ilẹ̀, mi ò ní lọ láì ṣe sàráà fún un. Mo tọrọ ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá Marína. Mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo jókòó sídìí ẹ̀, mo ń bó o. Ó wò mí, wò mí. Ó rò pé orí mi ti dàrú, ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára ẹ̀wà ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ki ọwọ́ bọ inú omi náà. A bó o títí ó fi funfun.

Ìgbà tí fóònù sọ fún un pé nítorí Lámi ni, ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò kan kaná. Àlìkámà ló ń sè, ó da súgà sí i, ó da àjàrà gbígbẹ sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sàráà tiwọn nìyẹn. Ata gbígbẹ tí mo dì láti ọjà Woolwich ni mo fi sí tèmi, àlùbọ́sà rẹ̀ ni mo lò, òróró ólífì ni mo fi dín in. Ẹ ò tíì jẹ irú àkàrà bẹ́ẹ̀ rí. Ó korò díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀fun.

A kó méjèèjì lọ sí ilé kọfí Táki. Gbogbo ènìyàn tó wà ní erékùṣù náà ní ìgbà òtútù, wọn ò kún yàrá ìjókòó mi. Mi ò sọ nǹkan kan, Rúkà ò sọ nǹkan kan. Mo gbé àkàrà fún Táki. Kó tó bù ú jẹ, ó bọ́ fìlà, ó sọ gbólóhùn kan. Ẹni tó tẹ̀lé e gbà á, ó sọ gbólóhùn kan náà. Ẹnì kejì, ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀ náà.

“Kí ni wọ́n ń sọ?”

Rúkà gbé fóònù sókè, ó wò ó, omi lé sí i lójú.

“Wọ́n ní kí Ọlọ́run forí jìn ín.”

“Ìwọ lo kọ́ wọn?”

“Gránmà, èmi kọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá jẹ oúnjẹ òkú.”

Ẹ rí i, ohun tí Ìyá wa ò jẹ́ ká sọ fún Làmídì, àwọn àjèjì ló kọ́kọ́ sọ ọ́, epo àkàrà wa ní ọwọ́ wọn. Mò ń ṣe àmín, àmín, títí abọ́ fi tán. Táki ní ata náà pọ̀ jù. Ó jẹ mẹ́fà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ wa máa lọ, ìyá Marína ń dúró dè wá ní itẹ́ òkú. Àpótí Làmídì wà ní itan rẹ̀, Táki sì mú ṣọ́bìrì dání. Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ igi ólífì, tí a lè rí láti ẹnu ọ̀nà ilé kékeré náà. Ó ní níbẹ̀ ni ká sin ín sí, kí òun lè máa rí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Rúkà fi fóònù wá kíbúlà, ọ̀nà Mẹ́kà. A kó o sínú aṣọ funfun mi, ìborí tí mo fi ṣe hájì. Alfa ń ṣe àdúrà láti Plumstead, afẹ́fẹ́ ń gbé ohùn rẹ̀ lọ, mo ń sún mọ́ fóònù.

Nígbà tí a bò ó tán, mo kúnlẹ̀ fún ìyá Marína. Lọ́tẹ̀ yìí kò figbe ta. Ó di ògiri mú, òun náà kúnlẹ̀ sí iwájú mi. Mo ní kó dìde, ó ní kí n dìde. Àwa méjèèjì ò lè dìde. Rúkà àti Táki ló wá fà wá sókè níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún.

Thamesmead

Mo ti dé. Lífìtì ilé wa ti bàjẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi gun òkè, orúnkún mi wú bí ìbẹ́pẹ. Mi ò tún lọ ibì kankan mọ́. Ẹ má fi ìdùnnú bi mí pé báwo ni Gíríìsì. Òtútù ni, àtẹ̀gùn ni, àwọn ènìyàn tó ń pòṣé ni, tí wọ́n sì ń bu ti ẹnu wọn fún àlejò.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ kó àwọn alfa jọ, ẹ ṣe fídáù fún Làmídì. Mo ti fojú mi rí i, mo ti fọwọ́ mi gbé e. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí àgbà ẹbí kan kọ́kọ́ lọ sí ìdí sàréè Ìyá wa. Kó má bá a ṣe àríyànjiyàn, kó fi sùúrù sọ ọ́. Kó sọ fún un pé a ti rí ìwé náà kà.